Ìwé Àlejò Nínú Àpótí Àdúrà

Àpótí pákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé mi níyàwó wọ ìlú yìí. Ihò tóóró kan wà lórí rẹ̀ tí à ń gbà ju ìwé àdúrà sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, bí a bá ti gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tán, èmi ni mo máa ń ṣí i. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ mi. N kì í ka ohun tó wà nínú àwọn ìwé náà. Ìwé kẹrin ni mo kà mọ, n kò sì fẹ́ràn kí n máa yọjú sínú ẹ̀dùn ọkàn ẹlòmíràn. Mo kàn ń tò wọ́n ni, mo ń fi ọwọ́ na èyí tó bá rún, mo ń kó wọn fún akọ̀wé ìjọ. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, akọ̀wé á dìde, á kà wọ́n sókè, gbogbo wa á ṣe Àmín.

Òfin kan wà lórí kíka náà. Bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ ni ká kà á, a ò gbọdọ̀ yọ, a ò gbọdọ̀ fi kún un. Ìjà ló bí òfin yìí. Nígbà kan rí, obìnrin kan kọ ọ́ pé kí Ọlọ́run ṣàánú ọkọ òun tó ń mutí. Ojú ti akọ̀wé ìgbà náà láti kà á bẹ́ẹ̀, ló bá kà á pé ọkọ náà ń ṣàìsàn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ará ilé ọkọ ti gbé ọsàn àti omi ọbẹ̀ gbígbóná wá kí aláìsàn, wọ́n sì bá a lábẹ́ igi níbi tó ti ń mu ẹmu, tó ń rẹ́rìn-ín. Ìjà náà le. Bàbá Ìjọ tó wà lórí oyè lónìí ló fi òfin lélẹ̀ nígbà náà: "Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni kí ẹ kà á." Látìgbà náà, bẹ́ẹ̀ náà là ń ṣe é.

Mo sọ ti àpótí yìí ṣáájú nítorí pé òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọmọ ọmọ mi yé mi.

Ọmọ tí ọmọ mi obìnrin bí ni. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, nítorí pé ìlú wa wà láàárín Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, ó sì lè gun ọ̀kadà lọ sí yunifásítì ní Ọ̀yẹ́ láàárọ̀ kó sì padà kí n tó gbé omi ọbẹ̀ kaná. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́. Àwọn ará ìlú máa ń gbé fóònù tó bá yarí wá bá a, òun náà á jókòó sórí pẹ̀pẹ́lẹ́ níwájú ilé, á máa tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi gbọ́rọ̀. Nígbà tó di ọdún tó kọjá, ìjọ ní kó bá àwọn ṣe ìkànnì, kí àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó àti ní òkè òkun lè máa rí wa.

Mo bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ní kì í ṣe òun ló mọ ọ́n láti ìpìlẹ̀. Ó ní sọ́fítíwíà kan wà tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, bí ilé tí wọ́n ti kọ́ tí wọ́n sì ti kùn. Ẹni tó bá gbà á, àga ló kàn máa tò sínú rẹ̀, kó gbé àwòrán kọ́ ògiri. Ó gbé àwòrán ìkórè kọ́ ọ, ó kọ àsìkò ìsìn sí i, ó kọ ìkéde òkú sí i.

Mo wò ó títí. Mo ní, "Àpótí àdúrà ńkọ́?"

"Nínú ìkànnì, Yèyé?"

"Ṣé àwọn tó wà lókè òkun ò ní ẹ̀dùn ọkàn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣe é. Ẹnikẹ́ni tó bá dé ibẹ̀ á rí àyè tó lè kọ̀wé sí. Ìwé náà á dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọmọ mi yìí ṣáájú, á ṣí i, á kà á, bó bá sì rí i pé kò sí èébú nínú rẹ̀, á tẹ nǹkan kan, gbogbo ayé á rí i. Èmi ni mo dá àbá náà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé nígbà tí ọ̀kadà dúró níwájú ilé. Bàbá Ìjọ ló sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ni nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣì ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé a pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́.

"Ìyá, ọmọ yín dà?"

"Ó wà nílé ìwé, sà. Ẹ jókòó, kí n bu omi fún yín."

"Omi kọ́ ló gbé mi wá." Ó fa fóònù yọ. "Ọmọ mi ló pè mí láti òkè òkun. Ó fẹ́ wo àwòrán ìkórè. Ẹ wá wo ibi tó gbé e lọ."

Mo nu ọwọ́ mi sí ìró. Mo rí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó mọ́ rekete. Kí n tó sọ pé ó dára, ojú fóònù yí padà fìrì. Pápá bọ́ọ̀lù ni mo rí, àti owó tó ń já bọ́ bí ewé, àti ọmọbìnrin kan tí aṣọ rẹ̀ kò tó o.

"Tẹ́tẹ́ ni, ìyá. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ti di ojúde oní tẹ́tẹ́. Ẹni mélòó ló ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀? Ẹnì kan ṣoṣo. Bí kò bá gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, ta ló ṣílẹ̀kùn fún wọn?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ẹ jẹ́ ká bi í."

"Ẹ bi í o. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ìgbìmọ̀ á jókòó. Bí kò bá ní àlàyé, a ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, a ó sì dárúkọ rẹ̀ níwájú ìjọ, kí ẹnikẹ́ni má gbé fóònù lé e lọ́wọ́ mọ́."

Ọ̀kadà gbé e lọ. Mo padà sídìí ẹ̀gẹ́ mi, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ò mú mọ́. Ní ìlú tó kéré bí tiwa, bí wọ́n bá ti dárúkọ ọmọ níwájú ìjọ pé gbájúẹ̀ ni, ibi yòówù kó kàwé dé, orúkọ náà ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Nígbà tí ọmọ náà dé, tó sì wo ìkànnì náà fúnra rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Mo jẹ́ kó sunkún díẹ̀.

"Ó tó," mo ní. "Ulé ló jò. Jẹ́ ká wá ibi tó ti jò."

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ti ìkànnì náà pa kí ẹlòmíràn má bàa kó sínú rẹ̀. Ní Ọjọ́ Ẹtì kò lọ sílé ìwé. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun, mo gbé agbada ẹ̀gúsí sórí itan, mo ń fọ́ ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń ka nǹkan, ó ń kùn. Lójijì ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà.

"Yèyé, ẹlòmíràn wà níbí tó ní kọ́kọ́rọ́."

"Ta ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ sọ pé èmi ni mo fi í jẹ alábòójútó."

"Ìwọ?"

"Èmi. Láàárọ̀ Ọjọ́rú tó kọjá."

N kò ní purọ́, mo wo ojú rẹ̀. Mo wò ó bí mo ṣe máa ń wo ìyá rẹ̀ nígbà tí ẹran bá dín nínú ìkòkò. Òun náà rí i pé mo wo òun. Ó gbé ojú padà sí kọ̀ǹpútà.

Ìwò yẹn ṣì ń dùn mí. Mo wá nǹkan tí mo lè bi í. "Kí lò ń ṣe láàárọ̀ Ọjọ́rú náà?"

Ó ronú. "Mo ń ka ìwé àdúrà."

"Ká wo ìwé àdúrà nígbà náà."

Ó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàgàn ń tọrọ ọmọ, ẹnì kan ń wáṣẹ́, ẹnì kan fẹ́ kí ìjọba ìlú òyìnbó fún òun ní ìwé ìgbélùú. Ọ̀kan wà tó kúrú: "Ẹ bá mi gbàdúrà fún ìyá mi, ẹsẹ̀ ń dùn ún." Mo rántí èyí. Ọmọ náà ti kà á sí mi létí lọ́jọ́ tó dé, nítorí orúnkún tèmi náà, mo sì ti ṣe Àmín.

Ó tẹ nǹkan kan kó lè rí inú ìwé náà, bí ẹni tú ìránpọ̀ aṣọ wò. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àdúrà náà, ohun mìíràn wà níbẹ̀ tó gùn: àmì kan tó dà bí ẹnu ẹyẹ tó là, òmíràn tó kọjú sí i, àti ọ̀rọ̀ játijàti láàárín wọn.

"Kí ló dé tí a ò rí gbogbo èyí lọ́jọ́ náà?"

"Nítorí pé kì í ṣe fún kíkà, Yèyé. Àmì wọ̀nyí ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ pé àṣẹ ló ń bọ̀. Bí onílé bá kọ ọ́, ó dára, òun ni wọ́n fi ń ṣètò ìkànnì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àlejò ló kọ ọ́, ó yẹ kí sọ́fítíwíà sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ lásán kó tó gbé e dé iwájú mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ṣí ìwé náà, kọ̀ǹpútà mi rò pé èmi ni mo pàṣẹ. Ìwé náà ní kó fi ẹnì kan jẹ alábòójútó, kọ̀ǹpútà mi sì fi í jẹ ẹ́, ní orúkọ mi, nítorí mo ti wọlé síbẹ̀."

"Kò wá jí kọ́kọ́rọ́ rẹ?"

"Kò fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ mi ló fi ṣílẹ̀kùn."

Mo gbé agbada ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo bi í bóyá ẹ̀rọ kì í mọ ohùn onílé yàtọ̀ sí ti àlejò. Ó ní kò mọ̀ ọ́n, àfi bí wọ́n bá kọ́ ọ. Mo bi í bóyá ẹni náà mọ̀ wá.

"Kò mọ̀ wá rárá. Ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ló ń lọ láti ìkànnì dé ìkànnì, tó ń ju ìwé kan náà sínú gbogbo àpótí tó bá rí."

"Ìyá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń dùn ńkọ́?"

"Bóyá kò tilẹ̀ níyàá, Yèyé."

"Àmín tí mo ṣe ńkọ́?"

"Ẹ ti ṣe é gbé nìyẹn."

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ nínú ilé wa láti Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹni tó kọ́lé tó sì tà á, ó yẹ kó mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan ò dé dáadáa. Mo ní, "Àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà náà, ṣé wọn ò mọ̀ ni?"

"Wọ́n mọ̀. Wọ́n ti ṣe àtúnṣe rẹ̀ tipẹ́. Ìkìlọ̀ ń yọ sí mi lójoojúmọ́ pé kí n gbà á."

"Kí ló dé tí o kò gbà á?"

"Ìgbà tí mo gba irú ẹ̀ kẹ́yìn, ó tú àwọn àwòrán ká. Àwòrán Bàbá Ìjọ lọ bọ́ sí orí orúkọ ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe bá mi wí níwájú gbogbo ènìyàn. Mo ní kí ìkórè kọjá ná."

"Èyí ni kí o kọ́kọ́ sọ lọ́jọ́ Ìsinmi."

"Wọ́n á ní èmi ni mo jẹ̀bi!"

"O jẹ̀bi díẹ̀. Ẹni tó bá fi díẹ̀ tirẹ̀ pamọ́, wọ́n á gbé gbogbo ẹrù rù ú."

Ó ní bí òun bá tilẹ̀ sọ ọ́, kò lè yé wọn. Ìwé tí ènìyàn ṣí lásán, tó wá fi ọwọ́ ẹni tó ṣí i ṣe iṣẹ́, ta ni yóò gbà á gbọ́? Wọ́n á ní àròsọ ni.

Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣí àpótí. Bí mo ṣe ń na ìwé kan tó ti rún, mo dúró. Mo wo ìwé náà, mo wo orí pẹpẹ tí akọ̀wé máa ń dúró sí. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni kí ẹ kà á. Mo wá ń rò ó pé, tó bá jẹ́ pé nǹkan mìíràn ni wọ́n kọ síbẹ̀ ńkọ́? Kì í ṣe ìbínú ló mú mi ṣe ohun tí mo ṣe. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Mo délé, mo ya abala kan nínú ìwé ọmọ náà, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, ó sì gbà mí títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ìgbìmọ̀ jókòó sínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ. Àwọn mẹ́jọ ni, pẹ̀lú Fíkà, àlùfáà ìjọ wa. Wọ́n ní kí èmi àti ọmọ mi jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí ẹni tí wọ́n bá pè máa ń jókòó. Bí ìṣe wọn, lẹ́tà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà. Tèmi ti wà láàárín wọn. Èmi ni mo fi í síbẹ̀ nígbà tí mo ń kó ìwé fún akọ̀wé láàárọ̀.

Akọ̀wé ka lẹ́tà ẹgbẹ́ akọrin, ó ka ti àwọn tó fẹ́ kun ògiri, ó wá dé orí tèmi. Ó fi ojú mọ́ ìwé náà nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi.

"Sí Ìgbìmọ̀ Ìjọ. Mo kí yín. Orúnkún ń dùn mí, mo fẹ́ àdúrà yín. Ẹ jẹ́ ká dìde."

Àga ké gbì. Gbogbo wọn dìde. Akọ̀wé ń bá kíkà lọ.

"Kí akọ̀wé kó kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì lé ọwọ́ ìyá tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kó bá wa dì í mú títí a ó fi gbàdúrà tán."

Kò tíì ka gbólóhùn náà tán tí ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú àpò. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú ìwé ní ọwọ́ kan, ó gbé ìdì kọ́kọ́rọ́ lé mi ní àtẹ́lẹwọ́, ó sì padà lọ. "Ẹ jẹ́ ká dijú." Wọ́n dijú. Fíkà gbàdúrà fún orúnkún náà, àdúrà gidi tó gùn, mo sì ṣe Àmín tọkàntọkàn nítorí pé orúnkún náà ń dùn mí lóòótọ́.

Wọ́n jókòó. Akọ̀wé mú lẹ́tà tó kàn. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sórí itan. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó na ọwọ́ sí mi.

"Ìyá, ẹ bá mi mú kọ́kọ́rọ́ bọ̀."

"Ta ló ní kí ẹ gbé e fún mi, sà?"

"Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló kọ ìwé náà?"

Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò sí orúkọ níbẹ̀. Fíkà kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wá bú sẹ́rìn-ín tí èjìká rẹ̀ ń mì. Bàbá Ìjọ ò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ wá fi wá ṣe ẹlẹ́yà ní ilé Olúwa?"

"Rárá o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Akọ̀wé kì í ṣe olè. Kò sẹ́ni tó jí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìwé àlejò ni wọ́n kà, ọwọ́ wọn sì ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yìí gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀."

Mo dá kọ́kọ́rọ́ padà fún akọ̀wé. Ọmọ mi dìde. Ibi tí mo ní kó ti bẹ̀rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀: ìkìlọ̀ tó yọ, tí kò kà sí, àti ìdí rẹ̀. Ó sọ ti ìwé tó dé, ó sọ bó ṣe ṣí i.

Bàbá Ìjọ tẹjú mọ́ ọn. "O mọ̀ pé ilẹ̀kùn ò dé dáadáa?"

"Mo mọ̀ pé wọ́n ní kí n tún un ṣe, sà."

"O sì fi í sílẹ̀ nítorí pé mo bá ọ wí lórí àwòrán?"

Ó tẹrí ba. Mo gbọ́ bí àwọn ọmọ ilé ìwé Ìsinmi ṣe ń ké lóde.

"Òfin kíkà yìí," Bàbá Ìjọ ní, ó ń wò mí, "èmi ni mo ṣe é."

"Òfin rere ni, sà. Ẹ máa kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹ kàn má máa ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni àtúnṣe náà ṣe ń ṣiṣẹ́, sà," ọmọ mi sọ wẹ́rẹ́. "Ohun tí àlejò bá kọ, gbogbo rẹ̀ á hàn, ṣùgbọ́n kò ní lè pàṣẹ."

Wọ́n ní ká bọ́ síta. A jókòó sábẹ́ òjìji ògiri, ọmọ náà ń já koríko. Nígbà tí wọ́n pè wá padà, Fíkà ló sọ̀rọ̀. Wọn ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á sọ fún ìjọ pé àlejò burúkú wọ ìkànnì, wọ́n sì ti ń lé e jáde. Ọmọ náà ni yóò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ìyàwó Fíkà náà á ní kọ́kọ́rọ́, àwọn méjèèjì á sì jọ máa wò ó bóyá ìkìlọ̀ wà. Bàbá Ìjọ wo òde títí wọ́n fi parí rẹ̀. Mo rò ó nínú ara mi pé ìgbìmọ̀ ti gbà, ṣùgbọ́n òun ò tíì gbà, ohun tí òun bá sì rò ni ìlú á máa sọ.

Nígbà tí ọmọ náà tún ìkànnì ṣe tán, mo ní kó jẹ́ kí n dán an wò. Mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ sí fóònù: "Ẹ dìde." Mo ní kó fi àwọn àmì ẹnu ẹyẹ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí àlejò yẹn ti ṣe. Ó fi wọ́n sí i. Ó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo rẹ̀ ló hàn, ẹnu ẹyẹ àti ọ̀rọ̀, wọ́n jókòó síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò. Kò sí ohun tó mì.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọ̀kadà tún dúró níwájú ilé. Ọmọ mi wà lórí pẹ̀pẹ́lẹ́ tó ń jẹ iṣu sísun. Bàbá Ìjọ sọ̀ kalẹ̀, ó dúró títí eruku ọ̀kadà fi lọ.

"Mo fẹ́ kọ̀wé sínú àpótí yín yẹn," ó ní. "Ara ìyàwó mi ò yá. Mo tẹ̀ ẹ́, kò lọ."

"Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ tì yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, sà, kí ẹ máa wò ó."

"Mi ò fẹ́ wo nǹkan kan. Ìyá, omi tí ẹ fẹ́ bù fún mi níjọ́sí dà?"

Ó gbé fóònù náà lé ọmọ mi lọ́wọ́, ó tẹ̀ lé mi wọlé. Àwọn ará àdúgbò mẹ́ta ló wà lójúde lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn ló sì rí i.